Bí ẹ ṣe lè fi oúnjẹ ilé fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wálẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kí ẹ tó náwó sórí ìgò

Oògùn tí a kò bá fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń rí nídìí iṣẹ́ oògùn títà tí mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wọlé, á béèrè ìgò tí wọ́n ń polówó lórí rédíò, owó gidi ni yóò sì kà sílẹ̀ láìjanpata. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó kọ́kọ́ dé ọjà Òkè-Ajé lọ ra ẹ̀wà, ilá àti ẹja sáwá, ojú rẹ̀ á yí padà. Ó rò pé mi ò ka àìsàn òun sí.

Mo kà á sí gan-an ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tọ́jú ìyá àti bàbá nílé. Ìlànà rẹ̀ kò le: ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ yí oúnjẹ padà, ẹ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Ohunkóhun tí èsì kejì kò bá jẹ́rìí sí, ì báà ṣe ewé, ì báà ṣe ìgò, ẹ má náwó lé e mọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ nọ́ńbà yín

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù kì í dun ènìyàn. Kì í fa orí fífọ́, kì í fa òòyì. Ẹni tó bá ní òun ń mọ̀ ọ́n lára, ohun mìíràn ló ń ṣe é. Ńṣe ló máa ń rọra lẹ̀ mọ́ ara iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ọ̀nà á fi há. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá wá dì síbẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ tàbí ìkọlù ọkàn máa ń dé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́ ṣáájú.

Àyẹ̀wò tí ẹ máa béèrè ni lipid profile. Wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣàgámù, ní ti Babcock ní Ìlíṣàn, àti ní ọ̀pọ̀ lábù aládàáni. Ẹ má jẹun fún wákàtí 9 sí 12 kí ẹ tó lọ. Omi lásán kò ní wàhálà. Ẹ má sì lọ ṣe é lọ́jọ́ kejì òde ìnáwó.

Ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin. Àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ó dára kó wà lábẹ́ 200 mg/dL. LDL ni èyí tó ń lẹ̀ mọ́ iṣan. Lábẹ́ 100 ló dára jù, bó bá ti tó 160 ó ti ga. HDL ló ń kó ọ̀rá padà sínú ẹ̀dọ̀, ó sì yẹ kó ju 40 lọ fún ọkùnrin, kó ju 50 lọ fún obìnrin. Triglyceride, ọ̀rá tí ṣúgà, ọtí àti àjẹjù máa ń bí, ó yẹ kó wà lábẹ́ 150. Bí lábù yín bá ń lo mmol/L, ẹ fi 38.7 sọ nọ́ńbà kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù di púpọ̀ kí ẹ tó fi wé èyí tí mo kọ sókè yìí. Fún triglyceride, 88.6 ni. Mo ti rí ẹni tó ń yọ̀ pé 6.5 tòun kéré jọjọ, nítorí pé ẹnìkan ti sọ fún un pé 200 ni òpin. 6.5 yẹn ju 250 lọ.

Ẹ ya fọ́tò èsì náà sórí fóònù, kí déètì rẹ̀ hàn dáadáa. Ẹ máa nílò rẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fi oúnjẹ nìkan bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí LDL rẹ̀ tó 190 sókè, ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ tàbí ìkọlù ọkàn rí, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní àrùn ọkàn kó tó pé ọmọ ọdún 55, àti ẹni tí ohun yẹ́lò kan wú sórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, kó wá fi oúnjẹ ran oògùn lọ́wọ́. Dókítà yóò tún wò ó bóyá ẹṣẹ́ tírọ́ọ̀dì tó wà lọ́rùn ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí kíndìnrín ló ní ìṣòro, torí àwọn méjèèjì lè gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sókè, kò sì sí ilá tó lè wo ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ṣíbí wọn epo

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, n ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹyin ló ń bọ́ tààrà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ara wa. Ohun tó ń mú kí LDL ṣẹ́kù sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rá tó máa ń dì: bí a bá ń jẹ ẹ́ lájẹjù, ẹ̀dọ̀ kì í gbá LDL mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Ojú lásán lè fi mọ ọ̀rá bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, epo pupa máa ń dì nínú kẹ́ẹ̀gì, àdín máa ń le gbagidi, òróró àgbọn náà ń dì, ọ̀rá ẹran á sì bo ojú ọbẹ̀ àná ní funfun. Èyí tó ń dì yẹn gan-an ni kí ẹ dín kù.

Bíi ìdajì epo pupa ló jẹ́ ọ̀rá tó ń dì. Ti àdín tó bíi 80 nínú 100. Ti òróró àgbọn, tí wọ́n ń polówó fún ìlera ọkàn káàkiri báyìí, lé ní 80. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀bọpo-bọyọ̀: ẹni tó ń mu òróró àgbọn ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan láràárọ̀ nítorí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé LDL sókè ni. Òróró ẹ̀pà kò ju bíi 17 sí 20 nínú 100 lọ, ti sóyà kéré sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún òróró tí wọ́n ń wọ̀n nínú kẹ́ẹ̀gì lọ́jà láìlórúkọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ palm olein, èyí tí wọ́n fà jáde láti ara epo pupa tí wọ́n sì ṣe mọ́ títí ó fi ń dán bíi wúrà. Bí ó bá wà nínú ike tó ní àkọlé, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ sára ike òróró pé kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun fún yín: ara ẹranko ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ti ń wá, àdín pàápàá kò ní in.

Ṣíbí ìjẹun kan tó kún fún epo pupa ní ọ̀rá tó ń dì bíi gíráàmù 7. Ẹgbẹ́ American Heart Association sọ pé kí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ tó tó 2,000 kálórì lóòjọ́ má jẹ ju bíi gíráàmù 13 ọ̀rá yìí lọ. Ṣíbí epo méjì ti gbé e lọ tán, a ò tíì ka ẹran.

Ẹ wá wo ayamáṣe, ọbẹ̀ tí àwọn ènìyàn wa ní Rẹ́mọ fi ń yangàn pé Ìkẹ́nnẹ́ ló ti wá. Bí wọ́n ṣe ń sè é lóde ìnáwó, epo á léfòó bo ẹran mọ́lẹ̀ pátápátá. Yíyọ́ tí wọ́n yọ́ epo náà títí tí pupa rẹ̀ fi ṣí kò mú ọ̀rá tó ń dì kúrò. Àwọ̀ rẹ̀ àti èròjà fítámì A tó wà nínú rẹ̀ ló bá iná lọ. Ọ̀rá dúró síbẹ̀ digbí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ ayamáṣe sílẹ̀ o. Irú, ata tútù àti àlùbọ́sà ló ń mú un dùn. Fún ìkòkò ènìyàn mẹ́fà, ẹ fi ṣíbí epo mẹ́rin din àlùbọ́sà àti irú. Ẹ ti kọ́kọ́ bọ ata náà kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa, torí ata olómi ló ń béèrè epo rẹpẹtẹ kó tó dín. Bó bá jinná tán, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi. Epo á jáde sókè, ẹ fi ṣíbí bu èyí tó pọ̀ jù kúrò.

Ìkọ́kọrẹ́ tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ewùrà kan tó mọ níwọ̀n, tí ènìyàn mẹ́rin yóò jẹ, ṣíbí epo mẹ́ta tó. Ẹ kọ́kọ́ se ata, àlùbọ́sà, irú, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ nínú omi títí adùn ẹja á fi bọ́ sínú omi náà. Inú omi yẹn ni adùn ìkọ́kọrẹ́ ń gbé. Ẹ wá rin ewùrà, ẹ fi ọwọ́ bù ú sí i ní kékèèké, ẹ dé e pa, ẹ má rò ó títí yóò fi gbá ara jọ. Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ tó ta epo sí i, kí àwọ̀ rẹ̀ lè wà lójú. Ìyá àgbà tó ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ láti kékeré kì í gba oúnjẹ tó bá funfun lójú rẹ̀, ẹ bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Pọ̀nmọ́ kò ní ọ̀rá púpọ̀ nínú, kí wọ́n jẹ ẹ́ ní fàlàlà.

Nípa ẹyin: ọ̀kan lóòjọ́ kò ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní nǹkan kan. Epo tí wọ́n fi dín in ni kí ẹ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tó ń yọ̀ nínú oúnjẹ

Ẹ̀dọ̀ máa ń fi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ṣe òróǹro, á tú u sínú ìfun kó lè bá wa da ọ̀rá oúnjẹ. Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ìfun á tún fa òróǹro náà padà fún àtúnlò. Fáíbà, apá oúnjẹ tí ikùn kì í dà, èyí tó ń yọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú ẹ̀wà, ilá àti oat, máa ń so mọ́ òróǹro, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ á wá níláti fa LDL láti inú ẹ̀jẹ̀ kó lè ṣe òróǹro tuntun. Bí nọ́ńbà ṣe ń wálẹ̀ nìyẹn, kò sí idán nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ojoojúmọ́ ni òróǹro ń jáde, nítorí náà ojoojúmọ́ ni fáíbà gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹni tó jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ Sátidé nìkan kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀wà ló lágbára jù lọ́dọ̀ wa, òun ló sì rọrùn láti rí. Nígbà tí àwọn olùwádìí kó ìwádìí púpọ̀ pọ̀, wọ́n rí i pé ẹni tó bá ń jẹ bíi gíráàmù 130 ẹ̀wà sísè lóòjọ́, LDL rẹ̀ máa ń fi bíi 5 nínú 100 wálẹ̀. Gíráàmù 130 kò kún abọ́ kékeré kan. Mọ́ínmọ́ín kà, gbẹ̀gìrì kà, ẹ̀kuru kà. Àkàrà náà ìbá kà bí kì í bá ṣe epo tó mu. Bí ẹ̀wà bá ń fẹ́ inú yín, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ fi omi tuntun sè é, kí ẹ sì fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, inú á mọ̀ ọ́n lára.

Ilá àti ewédú, ẹ máa fi wọ́n jẹun déédéé. Ilá funfun tí kò ní epo ni mò ń sọ. Omi ilá tí wọ́n ń rẹ mọ́jú tí wọ́n ń mu láràárọ̀ kò dára ju ilá fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ ilá, ẹ jẹ omi rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ààpọ̀n ní tirẹ̀, ẹ ṣọ́ ọ. Ó ń yọ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó ju ìdajì lọ nínú kóró ààpọ̀n ló jẹ́ ọ̀rá, irú èyí tó ń dì sì ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Kóró yìí kan náà ni wọ́n ń lọ̀ sínú kápúsù tí wọ́n ń pè ní African mango fún ẹni tó fẹ́ fọn. Ìwádìí tó wà lẹ́yìn kápúsù náà kò tó nǹkan tí ènìyàn lè fi owó rẹ̀ lé.

Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká oat lè fi í ṣe oúnjẹ àárọ̀. Èròjà inú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ni beta-glucan, ìwọ̀n tó sì ń fa LDL wálẹ̀ ni gíráàmù 3 lóòjọ́, èyí tó wà nínú bíi gíráàmù 75 oat gbígbẹ. Ṣíbí méjì tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì ọlọ́ràá àti ṣúgà kò dé ibẹ̀ rárá. Bí owó kò bá sí fún oat, ẹ̀wà tó.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà nínú páálí, èyí tí mo lè fi ọkàn balẹ̀ dámọ̀ràn ni èèpo ispaghula, tí àwọn mìíràn ń pè ní psyllium. Gíráàmù 7 sí 10 lóòjọ́ ni ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń fa LDL wálẹ̀ ní bíi 5 sí 10 nínú 100. Fybogel tí a ń tà fún ẹni tí ìgbẹ́ kò yá, òun kan náà ni. Sáṣẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ gíráàmù 3.5, nítorí náà ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ẹ dà á sínú kọ́ọ̀bù omi kan, ẹ mu ún lójú ẹsẹ̀ kó tó ki, kí ẹ tún mu omi tẹ̀ lé e. Ẹ má mu ún kété kí ẹ tó sùn. Ẹ fi bíi wákàtí méjì sáàárín òun àti oògùn mìíràn, torí ó lè di oògùn náà mú nínú ìfun. Ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́fun tàbí tí ìfun rẹ̀ ti dí rí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹran, ẹja, àti àsìkò Iléyá

Ẹja tó lọ́ràá, sáwá, títùs, kóté, ọ̀rẹ́ ọkàn ni wọ́n. Ọ̀rá inú wọn kì í dì, ó sì ń fa triglyceride wálẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní sísè tàbí yíyan. Èyí tí wọ́n dín gbẹ nínú òróró tí wọ́n ti lò fún ọ̀sẹ̀ kan ti sọ oore náà nù. Ẹran, ẹ mú èyí tí kò lọ́ràá, kó sì jẹ́ ègé kan dípò mẹ́ta.

Àsìkò tó le jù lọ́dọ̀ wa ni Iléyá, nítorí pé Ojúde Ọba tún wà lọ́jọ́ kẹta rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé àwọn ẹgbẹ́ regberégbé á kún fún àlejò, ẹran àgbò á sì wà nínú gbogbo abọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi nìyí: ẹ bọ ẹran náà lálẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ gbé omi rẹ̀ sínú fíríìjì mọ́jú. Láàárọ̀, ọ̀rá á ti dì pèpé lójú rẹ̀, ẹ ṣí i dànù kí ẹ tó fi omi náà sebẹ̀. Adùn rẹ̀ kò ní dín. Ọ̀rá ìrù àgbò àti ti ẹ̀gbẹ́ ìfun, ẹ má dín in jẹ. Ẹ sì jẹ́ kí ọdún náà parí lọ́jọ́ tó yẹ. Ẹran dídín inú agbada tí ẹbí ń jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló ń ba èsì jẹ́ ju ọjọ́ ọdún gan-an lọ.

Àwọn Adventist, ìjọ tó ni Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ìjọ pé kí wọ́n fi ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso rọ́pò ẹran. Ìwádìí ọlọ́dún gbọọrọ tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọ ìjọ yìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn tí kì í jẹ ẹran láàárín wọn máa ń kéré ju ti àwọn yòókù lọ. Èmi ń jẹ ẹran, àmọ́ mi ò lè bá èsì yẹn jiyàn.

Gàrí Ìjẹ̀bú kò ṣe nǹkan kan fún LDL, kò sì bà á jẹ́. Ṣúgà tí ẹ ń dà sí i ló ń gbé triglyceride sókè. Ẹ fi ẹ̀pà ìkúnwọ́ kan mu ún dípò ṣúgà. Ẹ̀pà ń ran LDL lọ́wọ́ láti wálẹ̀. Ọtí, kí ó dín kù. Sìgá, kí ó tán, torí ó ń fa HDL wálẹ̀. Kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ rìn kánkán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ẹ tó ra àfikún oúnjẹ

Lọ́dún 2022, àwọn oníṣègùn Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà 190. Wọ́n fún àwọn kan ní rosuvastatin 5 mg, oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n kékeré. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní kápúsù epo ẹja, síńámọ́ọ̀nù, áyù, ata ilẹ̀ pupa, sterol ara ewéko, tàbí red yeast rice, wọ́n sì fún àwọn tó kù ní oògùn ẹtàn, èyí tí kò ní èròjà oògùn kankan nínú. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, LDL àwọn tó lo rosuvastatin ti fi bíi 38 nínú 100 wálẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àfikún mẹ́fà náà tó fi bẹ́ẹ̀ dára ju oògùn ẹtàn lọ. Ọjọ́ 28 kò pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta ìgò ń ṣèlérí pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo wọn ni òfìfo. Gíráàmù 2 sterol ara ewéko lóòjọ́, nínú àwọn ìwádìí mìíràn, ń fa LDL wálẹ̀ ní bíi 8 sí 10 nínú 100. Ó máa ń wọ́n, ẹ kà á dáadáa lẹ́yìn páálí bóyá ó tó gíráàmù 2. Epo ẹja ń ṣiṣẹ́ lórí triglyceride, kì í ṣe lórí LDL. Ẹni tí LDL nìkan ló ga lára rẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Niacin, irú fítámì B kan, ń mú kí nọ́ńbà dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá méjì tó jáde ní 2011 àti 2014 fi hàn pé kò dín ìkọlù ọkàn kù fún ẹni tó ti ń lo statin, irú oògùn tí rosuvastatin jẹ́, ó sì lè gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹ fi í sílẹ̀.

Red yeast rice ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Ìrẹsì tí olú kan ti bu lórí ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ gan-an nígbà mìíràn, nítorí pé ohun tó wà nínú rẹ̀, monacolin K, kò yàtọ̀ rárá sí lovastatin, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1987. Oògùn ni ẹ ń lò nìyẹn, láìmọ ìwọ̀n rẹ̀. Ìgò kan lè ní púpọ̀, èkejì kó má ní nǹkan kan, ẹ̀kẹta kó ní citrinin, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó bá lò ó mọ́ statin ti fi oògùn kan náà lé oògùn. Ẹran ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ilẹ̀ Yúróòpù ti pàṣẹ lọ́dún 2022 pé monacolin inú àfikún kankan kò gbọ́dọ̀ tó 3 mg fún òòjọ́.

Áyù nínú oúnjẹ, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, ó dára. Kápúsù áyù tó lágbára lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá. Ẹni tó ń lo aspirin tàbí warfarin, tàbí tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, kó sọ fún dókítà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àgbo àti ọsàn wẹ́wẹ́

Wọ́n sọ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ń já ọ̀rá. Ó ń já a lára ìkòkò. Èyí tó bá dé inú ikùn, oje ikùn tó kan jù ú lọ ti bá a níbẹ̀, kò sì sí ibi tó ti ń dé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kó lọ máa fọ ọ̀rá. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún pẹ̀lú omi gbígbóná, kó mu ún. Kó má kà á sí ìtọ́jú.

Àwọn ìyá eléwé ọmọ lọ́jà wa mọ ewé ju èmi lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni àgbo tí wọ́n rẹ sínú ọtí, torí ọtí náà ń gbé triglyceride sókè, àti àgbo tí ó kó ewé púpọ̀ pọ̀ tí ẹni tó ń mu ún kò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó máa gbá LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni irú àgbo bẹ́ẹ̀ lè ṣe léṣe. Bí ojú bá di yẹ́lò, bí ìtọ̀ bá ṣú, ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ewúro àti ìṣápá, ẹ fi wọ́n ṣe oúnjẹ àti ohun mímu láìsí ṣúgà.

Lára ìgò àgbo tí NAFDAC fi sínú àkọsílẹ̀, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí ìgò náà ń ṣèlérí wò. Ẹ kà á. Nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò bẹ́ẹ̀ kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti rí i pé ó ń wo kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò

Ẹ fún oúnjẹ náà ní bíi oṣù mẹ́ta, kí ẹ padà sí lábù kan náà, pẹ̀lú ààwẹ̀ wákàtí kan náà. Ẹ fi èsì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LDL 150, tó dín epo kù, tó ń jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́, tó sì ń mu ispaghula, kò jẹ́ ohun ìyanu bí ó bá dé 125. Ìyẹn dára púpọ̀, ẹ máa bá a lọ. Bí ẹ bá ti fi àfikún kan kún un, tí nọ́ńbà kò sì yí padà, ẹ dá a dúró, ẹ fi owó rẹ̀ ra ẹja.

Bí dókítà bá wò ó tó ní statin ló kù, ẹ má sá. Ó ń fa LDL wálẹ̀ ní 30 sí 50 nínú 100, ohun tí oúnjẹ kò lè dá ṣe, ó sì ń dín rọpárọsẹ̀ àti ìkọlù ọkàn kù, èyí tí ọ̀pọ̀ àfikún oúnjẹ inú ìgò kò tíì fi hàn pé àwọn lè ṣe. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń wá oyún kó sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹran ara tó bá ń dùn láìnídìí tàbí ìtọ̀ tó ṣú, ẹ tètè sọ ọ́. Ọsàn gireepu, ẹ má mu omi rẹ̀ lámujù mọ́ simvastatin tàbí atorvastatin.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà ní Ṣàgámù tàbí Ìlíṣàn tàbí níbikíbi, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń mu sínú àpò kan: tábúlẹ́ẹ̀tì, kápúsù, ike àgbo, títí kan èyí tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ẹ gbé e lé orí tábìlì níwájú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìwọ̀n tí ẹ ń mu nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.